Ọ̀nà Márùn-ún Láti Ṣọ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ilé-Ìwé ní Òṣogbo: Èwo Ló Bá Yín Mu?

Wọ́n pè mí sí ilé-ìwé girama aládàáni kan nígboro Òṣogbo pé íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń wọ́ bí ìgbín. N ò ní dárúkọ wọn. Kí n tó tú àpò irinṣẹ́ mi ni mo ti rí páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi lára ilẹ̀kùn yàrá àwọn tíṣà. Wọ́n fi báírò kọ ọ́ sórí páálí bisikíìtì, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Mo fi fóònù ara mi wọlé. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń wo fáìlì, mo tẹ "Network", orúkọ kọ̀ǹpútà mẹ́ta yọ. Mo tẹ èkejì. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Fóódà kan tó ń jẹ́ FEES 2ND TERM ṣí sílẹ̀ gbayawu: orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, iye tí wọ́n ṣì jẹ, nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀.

Àlhájà tó ni ilé-ìwé náà wà ní ọ́fíìsì, wọ́n ń wo bébà tí iléeṣẹ́ kan fi ránṣẹ́ sí wọn láti Èkó, iye owó firewall ńlá kan, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀ńjíníà, ṣé kí n san án?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì san kọ́bọ̀." Mo na fóònù mi sí wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní, "Ta ló tún ti rí èyí?" N ò lè dáhùn, torí ráútà wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó wọlé tó jáde sílẹ̀.

Ọ̀daràn kọ̀ǹpútà láti òkè òkun kọ́ ni ilé-ìwé yẹn ní láti kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ọmọ SS2 tó ki fóònù bọ sọ́ọ̀kì ti tó. Àlàyé tí mo ṣe fún Àlhájà lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ tẹ́ síbí, fún ẹnikẹ́ni tó ń ṣe ìpinnu lórí ráútà àti firewall ilé-ìwé, yálà ẹ wà ní Alékùwódò, Òkè-Fíà tàbí Òkè-Baálẹ̀.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Owó ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè, ṣùgbọ́n owó méjì ni: èyí tí ẹ máa san lẹ́ẹ̀kan àti èyí tí ẹ máa san lọ́dọọdún. Èyí tó ń wá lọ́dọọdún ló ń pa ilé-ìwé lára, torí dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, owó ilé-ìwé tí ẹ ń gbà sì jẹ́ náírà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iná. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ sùn, bí ó bá kú, íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé-ìwé kú tẹ̀lé e. Ẹ béèrè iye wáàtì tó ń jẹ kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ìkẹta ni bí àwọn ọmọ ṣe máa yọ kúrò nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí wọn ò ní gbìyànjú, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni: ta ló máa tọ́jú ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí mi ò sí níbẹ̀? Ọwọ́ ta ni páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà? Mo ti rí ẹ̀rọ olówó ńlá tí kò wúlò ju bíríkì lọ nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kọṣẹ́ sílẹ̀.

Òfin náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, orúkọ àti nọ́ńbà tí ẹ gbà lọ́wọ́ òbí ti di ohun tí ẹ máa jíhìn lé lórí. Bí ó bá jò síta lọ́nà tó lè ṣe àwọn èèyàn náà ní jàǹbá, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Fóódà FEES yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ìwọ̀nba tí kò gba owó

Ohun yòówù kí ẹ mú nínú márààrún, ẹ kọ́kọ́ ṣe àwọn wọ̀nyí. Ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù "admin" tí ráútà bá dé láti ilé iṣẹ́. Ẹ pa WPS, ìyẹn bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí èèyàn wọ Wi-Fi láìtẹ páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ dáwọ́ fóódà tí ẹ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé dúró. Ẹ jẹ́ kí Windows máa gba àtúnṣe rẹ̀, kódà bó bá ń jẹ dátà. Ní ọdún 2017, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, fáírọ́sì WannaCry ti àwọn kọ̀ǹpútà pa ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Ihò tó gbà wọlé, Microsoft ti dí i láti oṣù kẹta ọdún kan náà. Àwọn tí kò gba àtúnṣe ló kó sí i lọ́wọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 7 sì ti di ìtàn láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Mo ṣì ń bá Windows 7 pàdé ní yàrá kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà bọ́sà, akápò ilé-ìwé.

Ọ̀nà kìíní: ráútà tí ẹ ti ní, pẹ̀lú DNS tó ń sẹ́

DNS ni ẹni tí kọ̀ǹpútà ń bi léèrè pé "ilé lágbájá dà?" kó tó lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá yan ẹni tí kì í júwe ilé búburú, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà ti dí nìyẹn, láìra ohunkóhun. Cloudflare ní èyí tó ń sẹ́ ìhòòhò àti fáírọ́sì pọ̀: 1.1.1.3 àti 1.0.0.3, oṣù kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n gbé e jáde. OpenDNS náà ní FamilyShield: 208.67.222.123 àti 208.67.220.123. Quad9, 9.9.9.9, ń sẹ́ ojúlé àwọn gbájúẹ̀ àti fáírọ́sì, ṣùgbọ́n kò dá sí ti ìhòòhò. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ráútà, ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Iná kì í ṣe ìṣòro, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tíṣà sì lè tọ́jú rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́, òmíràn nínú àwọn ráútà kékeré tí iléeṣẹ́ fóònù ń tà kì í jẹ́ kí ẹ pààrọ̀ DNS rárá, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó rà. Èkejì, àwọn ọmọ. Fóònù Android láti ẹ̀yà 9 lọ sókè ní "Private DNS" nínú Settings, ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n máa yan ẹni tí òun fẹ́ máa bi léèrè. VPN ọ̀fẹ́ náà wà, áàpù tó ń fi ibi tí èèyàn ń lọ pamọ́ fún ráútà. Ní ilé-ìwé kan, mo fi DNS yìí sí i láàárọ̀, kí aago bíréèkì tó lù lẹ́ẹ̀kejì, VPN ti wà lórí fóònù mẹ́ta nínú kíláàsì kan ṣoṣo.

Kò sì dá bọ́sà sọ́tọ̀. Àfi bí ráútà náà bá ní "Guest Network" (Wi-Fi àlejò tó dá dúró), tí ẹ sì tàn án, tí ẹ kó gbogbo fóònù lọ síbẹ̀. Bó bá ní in, ẹ ti gba ìdajì ohun tí ẹ fẹ́ láìná kọ́bọ̀.

Ọ̀nà kejì: MikroTik

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí òun ni mo ń fi sí ibi tó pọ̀ jù.

Iléeṣẹ́ MikroTik wà ní Latvia láti ọdún 1996. Ráútà wọn kékeré kò ju ìwé kékeré tí a ń kì bọ àpò lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa rà á, kò sí owó ọdọọdún lórí rẹ̀. Ohun tí mo fi ń lò ó jù ni láti pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ rò ó bí agbo ilé: ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo yín ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n yàrá bàbá ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ti ìyàwó ní tirẹ̀, àlejò kì í kọjá gbàgede. Mẹ́ta ni mo máa ń pín in sí: ọ́fíìsì àti bọ́sà lórí wáyà, yàrá kọ̀ǹpútà, àti Wi-Fi fún fóònù àwọn tíṣà àti àlejò. Ẹni tó wà ní gbàgede kò ní rí orúkọ kọ̀ǹpútà bọ́sà rárá, ká tó wá sọ pé yóò tẹ̀ ẹ́.

Ó tún ń yanjú ohun tí wọ́n fi ń pe èmi gan-an, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọ́. Ẹ lè fi ìwọ̀n sí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fà, kí tíṣà kan tó ń wo bọ́ọ̀lù má bàa gba ẹnu gbogbo yín. Ẹ lè fún èèyàn ní káàdì ìwọlé tó ń parí lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ní ti DNS, ó lè gbá ìbéèrè gbogbo kọ̀ǹpútà mú lójú ọ̀nà, kó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ yàn, kódà bí ọmọ náà bá ti pààrọ̀ tirẹ̀. Private DNS tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ọ̀nà 853 ló ń gbà, ẹ tì í pa. VPN ṣì máa ń yọ́ gba àárín kọjá, n ò ní purọ́ fún yín.

Ohun tí ẹ̀rọ kékeré náà ń jẹ kò tó wáàtì mẹ́wàá. Nǹkan yìí máa hàn dáadáa nígbà tí a bá dé ọ̀nà kẹta.

Àléébù rẹ̀ nìyí: ojú ìwé tí wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀ máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò kọ́ ọ. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìtún ṣe, ó di ewu. Ní ọdún 2018, wọ́n rí ihò kan nínú Winbox tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà gbé àtúnṣe jáde ní oṣù kẹrin. Nígbà tó di oṣù keje sí ìkẹjọ, àwọn olè ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún MikroTik kárí ayé, pàápàá ní Brazil, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà àwọn tó ń lò ó wa owó ayélujára. Ó pé oṣù mẹ́ta tí oògùn ti wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ kò lò ó. Torí náà ẹ tẹ "Check For Updates" ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ti Winbox pa sí ìhà ìta.

Ní Òṣogbo níbí, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta Wi-Fi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ní Òkè-Baálẹ̀, MikroTik ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí: ilé-ìwé kan pè mí lẹ́yìn tí ẹni tó bá wọn ṣe é ti já sí Kánádà pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù lórí. Wọ́n pè é lórí WhatsApp, kò gbé e. Mo ní láti fi ẹnu pínnì tẹ bọ́tìnì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó ki iná bọ̀ ọ́, gbogbo ètò tó wà nínú rẹ̀ sì fò lọ. Ọjọ́ kan gbáko la fi tún un tò. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ mi kì í parí títí màá fi tẹ ètò náà jáde sínú fáìlì kan, tí màá fi flash kan fún ọ̀gá àgbà, tí màá kọ páásíwọ́ọ̀dù sínú àpòòwé, tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ pa níṣojú mi, kí wọ́n fi sínú àpótí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà.

Ọ̀nà kẹta: kọ̀ǹpútà àlòkù pẹ̀lú OPNsense tàbí pfSense

Ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà lásán di firewall ni méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. OPNsense yà kúrò lára pfSense ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, wọ́n sì jọra dé ibi tí ẹni tó mọ ọ̀kan máa mọ èkejì. Ẹ nílò kọ̀ǹpútà orí tábìlì àlòkù kan, pẹ̀lú ojú wáyà méjì: ọ̀kan kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan kọjú sí ilé. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa pípín, ó ń ṣe é. Ó tún ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tó kún ju ti MikroTik lọ, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè Àlhájà, "Ta ló tún ti rí èyí?", ó ń sún mọ́ ìdáhùn. Ẹ lè kó àkójọ ojúlé tí ẹ kò fẹ́ sínú rẹ̀, kó máa tún ara rẹ̀ ṣe.

Kí ló wá dé tí n kò fi í sí gbogbo ilé-ìwé? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń jẹ wáàtì 60 máa jẹ wáàtì-wákàtí 1,440 lójúmọ́. Bátìrì inverter kan tó jẹ́ 12V, 200Ah, 2,400 ló gbà, tó bá sì jẹ́ olómi, kò dára kí ẹ fà á kọjá ìdajì, ìyẹn 1,200. Wákàtí 20 péré ni kọ̀ǹpútà náà máa fi jẹ ẹ́ tán, láìsí fáànù, láìsí gílóòbù. MikroTik tó ń jẹ wáàtì 8 máa lo ìwọ̀n bátìrì kan náà fún wákàtí 150, ó ju ọjọ́ mẹ́fà lọ. Bí NEPA bá mú iná lọ ní ọjọ́ Fúráídè, tí kò dá a padà títí Mọ́ńdè, ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa bá láàyè.

Eruku wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí iná bá ń já lójijì, díìsìkì àtijọ́ máa ń bàjẹ́: ẹ fi SSD (díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) sí i, ẹ fi UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá já) sí i. Ẹni tí ọ̀nà yìí bá mu jù ni ilé-ìwé tó ní tíṣà kọ̀ǹpútà tó fẹ́ràn irú nǹkan báyìí dénú, tí yóò máa ṣí i wò lálẹ́ láìsí ẹni tó rán an. Bí irú rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má fi dù ú, ẹ sì fi kún owó oṣù rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin: FortiGate àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Firewall olówó ńlá tí iléeṣẹ́ ń tà ni FortiGate. Ó dára. N kò ní bú u. Ó ń to ojúlé sí ẹ̀ka, ó mọ VPN ju àwọn tó kù lọ, ó sì ń wá fáírọ́sì lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un dára, àkójọ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́, owó ọdọọdún ló ń gbé e ró. Ọdún tí ẹ kò bá san, àkójọ náà dúró sí ibi tó wà, ẹ wá ní ráútà olówó gọbọi lọ́wọ́. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ojúlé ti di HTTPS, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ inú wọn wà ní títì pa lójú ọ̀nà: kò lè rí ohun tó wà nínú wọn àfi tí ẹ bá fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń ta á kì í sábà sọ èyí. Fún ilé-ìwé ọlọ́mọ 300, n kò rí ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà karùn-ún: ẹ má fún àwọn ọmọ ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló pín tábúlẹ́ẹ̀tì Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ girama àgbà ní ọdún 2013: ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ti wà nínú rẹ̀, kò dúró de íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò yẹn kò tíì di àtijọ́. Lónìí, Kolibri wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹ̀kọ́ àti fídíò, Kiwix wà fún Wikipedia. Ẹ kó wọn sínú kọ̀ǹpútà kan ní yàrá kọ̀ǹpútà, ẹ fi wáyà àti switch (àpótí tó ń so wáyà kọ̀ǹpútà pọ̀) so àwọn tó kù mọ́ ọn. Owó dátà: òfo. VPN kò ní ibi tí yóò gbà lọ. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ fún ìdánwò JAMB, tó ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015, lè fi yàrá irú èyí dánra wò láìsí ìdíwọ́.

Flash ló kù. Gbogbo wa la mọ fáírọ́sì tó máa ń sọ gbogbo fóódà di "shortcut", tí ọmọ á sì máa sunkún pé iṣẹ́ òun ti lọ. Kò lọ, ó fi pamọ́ ni. Fún èyí, mo máa ń fi Deep Freeze sí àwọn kọ̀ǹpútà ọmọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀, bí ẹ bá ti pa á tí ẹ tún tan án, ó padà sí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú, nítorí iṣẹ́ wọn náà á pa rẹ́ bí wọn kò bá kó o sí ibòmíràn.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì méjì àti ráútà kan, ọ̀nà kìíní ti tó yín, pẹ̀lú Guest Network fún fóònù. Ẹ fi owó tó kù ra díìsìkì ìta kan, kí ẹ máa kó àbájáde ìdánwò sí i ní gbogbo Fúráídè, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà tí ẹ bá kó o tán.

Ilé-ìwé ìjọba tí kò ní owó dátà tó dájú, ẹ mú ìkarùn-ún fún àwọn ọmọ, kí ọ́fíìsì ní modẹ́ẹ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wáyà méjèèjì má pàdé láéláé. Ilé-ìwé girama aládàáni tó ní yàrá kọ̀ǹpútà, Starlink tàbí 4G, àti tíṣà púpọ̀, MikroTik ni, mo sì lè so ìkarùn-ún pọ̀ mọ́ ọn fún yàrá kọ̀ǹpútà. OPNsense wà fún ẹ̀yin tí ẹ ní tíṣà tí mo sọ àti inverter tó lágbára. FortiGate, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé-ìwé tó ní ẹ̀ka ní ìlú mẹ́ta mẹ́rin, tó sì ti kọ owó ọdọọdún náà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ fi sí oṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ wà ní họlidé, kò sí ẹni tó ń dúró de àbájáde. Ẹ kàn yẹ ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun sílẹ̀, torí ẹ ò ní rí ọ̀nà gbé àkàbà kọjá láàárín ìlú.

MikroTik ni Àlhájà mú. Mo fa wáyà dé ọ̀dọ̀ bọ́sà, mo pín ilé sí mẹ́ta, mo fi ọwọ́ ara mi já páálí bisikíìtì yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti lẹ òmíràn síbẹ̀. Mo fi fóònù wọlé, mo tẹ "Network". Kò sí orúkọ kankan. Mo fi páálí náà sílẹ̀.